Mo Ní Ọ̀gá Mi Ti Kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, yàrá tí mo jókòó sí kò gùn ju páànù òrùlé kan lọ. Káfíńtà ni mí, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò pè mí jáde, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n lè pè mí. Síbẹ̀, láràárọ̀ tí mo bá lajú, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ẹni tí mo pa kò rí àyè dágbére fún ẹnikẹ́ni, èmi sì rí àyè kọ ìwé.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Orúkọ rere ni àwọn òbí mi fún mi, ẹ jẹ́ kí ó sinmi.

Inú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Agbowó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá alágbà kan níbẹ̀ ló fi Bíbélì kọ́ wa ní ìwé kíkà, tí mo fi mọ Òfin Mẹ́wàá lórí kí n tó mọ ọ̀nà Dúgbẹ̀. Nígbà tí mo jáde girama tí owó ilé-ìwé gíga kò sí, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Láísì, káfíńtà tó ń kan òrùlé, tí ìsọ̀ wọn wà létí títì ní Ìwó Road. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ìyá mi bẹ̀rù díẹ̀.

“Bàbá, ọmọ Aládùúrà ni o. Àwa kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà wa.”

“Ìyá, kò burú. Kó ṣáà wọ bàtà tó bá ń gun òrùlé mi.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ọdún mẹ́rin ni. Bí ó bá pé, ọ̀gá yóò ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún mi: wọn yóò gbàdúrà lé mi lórí níwájú àwọn èèyàn, ẹgbẹ́ káfíńtà yóò sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Láti ọjọ́ náà lọ ni mo tó lè pe ara mi ní ọ̀gá. Bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Ìbàdàn bá rí ìwé ẹ̀rí, kì í dúró síbẹ̀. Yóò ṣì béèrè pé, “Ta ni ọ̀gá rẹ?” Bó bá gbọ́ orúkọ náà, yóò wá ọ̀gá yẹn lọ, yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Bàbá Láísì kọ́ mi bí ọmọ. Wọn kì í lu ọmọṣẹ́. Bí a bá kan igi kan wọ́, wọn yóò ní, “Wò ó dáadáa. Ṣé bí ìwọ ṣe máa ń dúró nìyẹn?” A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tú u.

Ó ku oṣù mẹ́sàn-án kí n parí. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Láísì lọ kírun, èmi nìkan ló wà ní ìsọ̀. Ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀.

“Ọ̀gá dà?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn tó yẹ kò le. Ọ̀gá lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọn ó dé láìpẹ́. Ṣùgbọ́n mo nu ọwọ́ mi, mo ní, “Èmi ni, sà.”

“Ọ̀gá kékeré báyìí?”

“Ọlọ́run ló ń gbéni ga, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sí Challenge, pé òrùlé ilé ìdáná òun ń jò. Iṣẹ́ kékeré ni, mo sì ṣe é dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo wà lókè, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń pè mí, “Ọ̀gá, ṣé kí wọ́n gbé omi wá? Ọ̀gá, ẹ rọra o.” Orúkọ yẹn dùn létí mi ju ohun tí ó san fún mi lọ. Ìdánwò mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ìsọ̀ Bàbá Láísì sílẹ̀ láì dágbére. Mo kọ́ àtíbàbà kan sí Challenge, mo kọ orúkọ mi sára pákó, mo sì fi “Ọ̀gá” ṣáájú rẹ̀. Bàbá Láísì ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ìránṣẹ́ kan náà ni: “Ẹ ní kó wá parí rẹ̀.” Mi ò lọ. Mo ń gbààwẹ̀ nígbà náà, mo ń kọrin nínú ìjọ, mo sì rò pé ààwẹ̀ lè san dípò oṣù mẹ́sàn-án.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìgbà yẹn ni wọ́n júwe mi fún ìyá kan ní Bódìjà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ilé wọn kan wà ní Olúyọ̀lé tí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ, tí páànù sì ṣe ayálégbé kan léṣe. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wọ gíláàsì wọn.

“Ọmọ mi, ìjì ti ṣí mi lórí lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ kó ṣí mi lórí lẹ́ẹ̀kejì. Ilé wo lo ti kàn tí òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé lórí?”

Mo mú wọn lọ wo ilé kan ní Ring Road. Bàbá Láísì ló kan ilé náà, èmi sì wà lára àwọn tó ń na ìṣó sí wọn. Mọ́mì wo òrùlé náà títí, wọ́n mi orí.

“Ó dára. Ìwé ẹgbẹ́ yín ńkọ́?”

“Mọ́mì, wọ́n ń ṣe tuntun fún wa lọ́wọ́ ni.”

“Mo gbọ́. Ta wá ni ọ̀gá tó kọ́ ọ niṣẹ́?”

“Bàbá Láísì ni, Mọ́mì. Ní Ìwó Road.” Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí.

“Ó dáa. Fún mi ní nọ́ńbà wọn, kí n kí wọn.”

Mo wo ilẹ̀.

“Mọ́mì, wọ́n ti kú.”

Mọ́mì yọ gíláàsì wọn. “Háà! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ó ti pẹ́?”

“Kò tí ì pẹ́, mà.”

“Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Àmín,” ni mo wí. Títí dòní, Àmín yẹn kò kúrò létí mi.

Wọn kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ta ni yóò máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi. Èmi rò pé mo gbọ́n, pé kò sí ẹni tó lè pe òkú lórí fóònù. Mo gbàgbé irú èèyàn tí a jẹ́. Láàárín wa, a kì í gbọ́ pé ẹnìkan kú kí a má lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Mọ́mì lọ síbi ìkómọjáde kan nítòsí Ìwó Road. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò fi ilé Bàbá Láísì káfíńtà han àwọn.

Ilé ẹjọ́ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́nu ìyàwó Bàbá Láísì.

“Ẹ kú aráfẹ́rakù o, Màmá,” ni Mọ́mì wí.

“Aráfẹ́rakù ta ni?”

“Ti Bàbá, baálé yín.”

Màmá fi ọwọ́ di òpó mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Baálé mi wo? Ṣé èyí tó ń jẹ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé yìí?”

Bàbá Láísì fúnra wọn jáde, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹni tó sọ pé wọ́n kú, wọ́n gbé ṣíbí náà sílẹ̀. Mọ́mì bi wọ́n pé, “Ṣé kí n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

“Rárá, ẹ ní sùúrù. Ọmọ mi ni. Ojú ló ń tì í. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá dára, màá fọwọ́ sí i. Bí kò bá dára, èmi náà wà lára ẹni tó jẹ̀bi.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sán, ọkọ̀ Mọ́mì dúró síwájú ilé náà ní Olúyọ̀lé. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ti lọ jẹun, èmi nìkan ló wà lórí òrùlé. Mo rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, mo dá iṣẹ́ dúró.

“Òkú rẹ rèé o,” ni Mọ́mì wí láti ìsàlẹ̀. “Mo bá ọ mú un bọ̀.” Wọ́n lọ jókòó sínú ọkọ̀ kí àwa méjèèjì lè sọ̀rọ̀.

Bàbá Láísì gun àkàbà wá bí ọ̀dọ́. Wọ́n jókòó lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ọjọ́ mélòó ni mo ti kú?”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Ṣé ẹ tilẹ̀ sin mí dáadáa? Ẹ pa màlúù, àbí adìẹ lẹ fi tì mí?”

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa igi, láti orí dé ìdí. Níbi tí igi ti jókòó lórí ògiri, ọwọ́ wọn dúró.

“Irin tí bíríkìlà fi sílẹ̀ níbí dà?”

“Mo gé wọn, Bàbá. Wọ́n ń dí mi lọ́wọ́.”

“Àwọn irin yẹn ló ń de òrùlé mọ́ ògiri. Àwọn ni ìjì ń bá jà. Ọdún tó gbẹ̀yìn ni mo máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní èyí.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Tú u.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Màá sọ fún ìyá yìí. Èmi pẹ̀lú rẹ la ó jọ tú u, àwa náà la ó jọ tún un kàn. Lẹ́yìn náà, o ó padà sí ìsọ̀ mi. Oṣù mẹ́sàn-án ni. Màá ṣe fìrídọ̀ọ̀mù rẹ lójú gbogbo ayé.”

Àánú ni wọ́n nà sí mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìtìjú ni mo rí. Mo rí àtíbàbà mi ní Challenge, mo rí àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ tó ń nàka sí mi: “Ọ̀gá ti padà di ọmọṣẹ́ o!” Mo rí ara mi tí mò ń gbálẹ̀ ìsọ̀.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i.”

“Ọwọ́ tí mo fi ń ṣe àlùwàlá? Rárá o.” Wọ́n yíjú sí ìsàlẹ̀ láti pe Mọ́mì.

Òòlù wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sókè, mo sì fi lù wọ́n lẹ́yìn orí. Mi ò ní sọ fún yín pé èṣù ni. Ọwọ́ mi ni, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Wọ́n já lulẹ̀. Mo ké pé, “Wọ́n yọ̀ o! Ẹ gbà wá, wọ́n yọ̀!” Irọ́ mìíràn nìyẹn. Mọ́mì sáré dé, wọ́n kúnlẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀. Ọwọ́ tó ti gba orí ọmọ tuntun láìmọye ìgbà ni wọ́n fi gbé orí Bàbá Láísì. Ọwọ́ náà dé ẹ̀yìn orí, ó dúró. Mọ́mì gbójú sókè, wọ́n sì wò mí lórí òrùlé níbi tí mo wà. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kejì ló pariwo pé, “Mo rí i! Òòlù ló fi lù wọ́n!”

Mi ò jiyàn ní ilé ẹjọ́. Ohun tó wó mi lulẹ̀ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó Bàbá Láísì. Wọn kò ṣépè. Wọ́n ní, “Ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá yìí wá kí mi kú aráfẹ́rakù, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ náà kò tí ì parí tí wọ́n tún fi padà wá.” Wọ́n jókòó. Wọn kò tí ì sọ pé àwọn dárí jì mí, mi ò sì ránṣẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n rí àyè sunkún tiwọn ná.

Mọ́mì Nọ́ọ̀sì tú gbogbo òrùlé yẹn. Bíríkìlà tún fi irin tuntun sí ògiri, káfíńtà mìíràn ló kàn án. Pásítọ̀ tó ń bẹ̀ wá wò ló sọ fún mi pé ìjì ti jà lé e, kò sì mì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi iwájú kan ilẹ̀, mo dúpẹ́. Mọ́mì kan náà ló fi Bíbélì tí mò ń kà ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń lágbára láti ṣe irú èyí.

Kí wọ́n tó dá ẹjọ́ mi, wọ́n ní kí n tún àwọn bẹ́ǹṣì ilé ìsìn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kàn. Wọ́dà àgbàlagbà kan dúró, ó ń wo ọwọ́ mi.

“O mọ iṣẹ́ yìí o. Ta ni ọ̀gá rẹ?”

“Bàbá Láísì ni, sà. Ní Ìwó Road.”

“Ṣé wọ́n wà láyé?”

“Wọ́n ti kú, sà.”

“Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

Mi ò lè ṣe Àmín.

Ẹ̀yin onílé, ẹ béèrè ọ̀gá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kan òrùlé yín, ẹ sì lọ bá ọ̀gá náà kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun àkàbà. Ẹ má jẹ́ kí ojú ọ̀fọ̀ dá yín dúró. Ẹni tó parí iṣẹ́ kò ní bínú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tó wà ní ìsọ̀ lónìí, bí wọ́n bá béèrè ọ̀gá, ẹ ní, “Wọn kò sí nílé, ọmọṣẹ́ wọn ni mí.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti sá kúrò, ẹ padà lónìí, kí ẹ gbálẹ̀ ìsọ̀, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín ní gbogbo ibùdókọ̀. Ẹ lọ parí rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló pọ̀ lójú mi nígbà náà. Mo fi ìṣó ha oṣù tí mo ti lò nínú yàrá yìí sára ògiri. Lánàá ni mo kà á, ó ti lé ní mẹ́sàn-án.