Àpò Mátíù Tí Mo Jù Sómi

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sin irọ́ yìí mọ́ mi. Gbogbo Ayétòrò, ìlú wa létí òkun, ló gbà pé òkun ló gbé ìlù Mátíù lọ. Òkun kọ́. Èmi Olúrẹ̀mí ni.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin ládùúgbò wa. Èmi náà ni mo kọ́ Mátíù, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún àwọ̀n ṣe, bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, tí a ń gé e, tí a ń tò ó di bíìtì, ìlù tí olórin ń kọrin lé. Ìlù híípù-họ́ọ̀pù àtijọ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà la fẹ́ràn, a sì fẹ́ tún wọn dá. Èmi ń kó ohùn tí gbogbo ayé ti lò gbó láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mátíù ní tirẹ̀ tẹ́tí sílé. Ó gba ìró àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, ó gba ti edé gbígbẹ tí wọ́n ń kù nínú ajọ̀. Èyí tó ń dún gbì, tó ń mi àyà ẹni, odó tí ìyá rẹ̀, Màmá Rúùtù, ń gún lórí ilẹ̀ pákó ilé wọn ni. Ẹ ó gbọ́ Màmá tó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀: "Ọma mi, ulí mi á mà wó o!" Ó ń pe ọmọ rẹ̀ pé ilé òun á wó. Mátíù ò gé ẹ̀rín náà kúrò.

Ó dára ju tèmi lọ, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lawrence tó ń ráàpù, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gba bíìtì, fò sókè: "Háà! Ìlù Amẹ́ríkà rèé, àmọ́ ilé wa ló ti ń dún!" Láti ọjọ́ náà, kò yà sọ́dọ̀ mi gba bíìtì mọ́. Owú jẹ mí débi pé oúnjẹ ò wọlé. Mo ń sọ káàkiri pé ìlù náà dọ̀tí. Ṣé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ?

Màmá Rúùtù kú. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, òkun ya wọ̀lú. Ládùúgbò wa, ènìyàn kì í kó ẹrù ara rẹ̀ bí omi bá dé. Aládùúgbò rẹ á kó tìrẹ, ìwọ náà á kó tirẹ̀, torí ẹni tó ń kó ẹrù ara rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sá. Mátíù gbé mátírẹ́ẹ̀sì mi rù, ó na àpò kan sí mi: "Olú, kọ̀ǹpútà àti fúláàṣì tí mo gba gbogbo ohùn sí wà ńbẹ̀. Ìyá mi wà ńbẹ̀." Mo wọ ọkọ̀. Ìgbì kankan ò kọlù mí, ọwọ́ mi ò sì yọ̀. Mo rántí bí Lawrence ṣe fi mí sílẹ̀, mo ju àpò náà sómi, mo sì wò ó títí tó fi rì. Ìkà ni mí.

Mo figbe ta pé òkun ti gbé e. Níbi tí òkun ti ń gbé ilé, ta ni yóò béèrè àpò? Mátíù gbá mi mọ́ra, ó ń nu ojú mi: "Má sunkún mọ́. Òkun ni, kì í ṣe ìwọ." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ilé pákó wọn wó lọ. Mátíù ò ṣe ìlù mọ́ láti ìgbà náà. Èmi tí mo ri ìlù rẹ̀ sómi, mi ò di nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó jù yín lọ. Mátíù, gbogbo ọjọ́ Àìkú lo ń wá wẹ ẹsẹ̀ mi tó wú. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Àmọ́ ka ìwé yìí ná, kí o tó tún fọwọ́ kàn mí.