Ìkòkò Tí A Wé Gèlè Fún

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ ní Elékòó níbí... ẹ gbọ́, kì í ṣe Elékòó tí wọ́n ń wá jayé lópin ọ̀sẹ̀ yìí o. Ọkọ̀ ojú omi àti ẹja yíyan la mọ̀. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kejì. Èèyàn á máa bì, á máa yàgbẹ́ olómi, kílẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Ẹ̀rù bà wá.

Ni ìjọba bá rán wolé-wolé sí wa. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n? Àwọn tó ń wọlé onílé, tí wọ́n ń yọjú wo inú ìkòkò. Omi tó bá ti dọ̀tí, dídà ni.

Ìyá ọkọ mi ní ìkòkò omi òjò ńlá kan. Omi kànga wa níyọ̀, ẹ rántí. Wọ́n ní, "Ẹnì kan ò ní da omi mi nù." Wọ́n gbé e sórí ẹní, wọ́n daṣọ bò ó, wọ́n wé gèlè fún un. "Ìyàwó, tí wolé-wolé bá bi ọ́, sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ni." Wọ́n bá sá lọ sẹ́yìnkùlé.

Wolé-wolé wọlé, ó kí ìkòkò. "Ẹ kúulé, mà." Ìkòkò ò dáhùn.

"Kí ló ń ṣe màmá?"

Mo ní, "Inú ló ń run wọ́n."

Inú rírun... lásìkò onígbáméjì. Ó kiwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú ẹ̀ yí padà. "Ara wọn ti tutù." Ó pe ẹnì kejì ẹ̀ wọlé kí wọ́n jọ gbé màmá lọ sílé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe gbé e nílẹ̀, omi dà lé wọn látorí dé bàtà. Ìyá ọkọ mi ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ rọra, ẹ má fọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá bu ìyókù omi sí àtẹ́lẹwọ́. Tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, ń jó nínú ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n yín mà lóyún."

Lẹ́yìn náà ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ká fọ ìkòkò, ká dé e, ká máa se omi ká tó mu ún. Látọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi ń se omi ṣáá, títí kan èyí tí àlejò fẹ́ fi fọ ẹsẹ̀. Onígbáméjì pa èèyàn yí wa ká. Kò wọ agbo ilé wa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Lájáh tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, ọ̀rá dí gọ́tà, àgbàrá ń wọ kànga, ẹ sì ń bu omi ẹ̀ mu. Ẹ máa se omi. Ẹ máa fọwọ́.

Hmm... láyé ìgbà yẹn, ìjọba ń wá wa délé, à ń sá fún un. Nísinsìnyí, àwa là ń wá a.