Adìyẹ Mójí Tí Mo Gbé Wá sí Ìkórè

Ọlọ́run tó gba adìyẹ mọ́kànlá lẹ́nu ìkòkò ọbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi kígbe Halelúyà tí wọ́n máa gbọ́ ní Zuba! Ẹ ṣé o.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Aládìyẹ tó ń ta adìyẹ lọ́jà Karmo. Mi ò kàwé púpọ̀. Fọ́ọ̀mù tú ni mo dé, fọ́ọ̀mù tú náà ló ní kí n máa lọ sílé. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ṣubú lónìí, ẹ bá mi gbé e dìde.

Ẹ mọ Mójí ọmọ mi, tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kà ní yunifásítì, ẹran ọ̀sìn ló sì kọjú sí. Ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ọdún méjì, kò ríṣẹ́. Ló bá rí yunifásítì kan lókè òkun tó ń wá ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n á san owó ilé ìwé ẹ̀, wọ́n á tún máa fún un lówó oṣù, kó ṣáà máa ṣèwádìí bí ara ṣe ń tu adìyẹ.

Ọjọ́ tó sọ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Mójí, wọ́n á máa sanwó fún ẹ kó o máa bi adìyẹ pé ṣé àlàáfíà ni?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Adìyẹ náà á sì dáhùn, téèyàn bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó."

Mo ní kai! Ogún ọdún tí mo ti ń bá adìyẹ gbé, kò tíì sí èyí tó kí mi rí.

Wọ́n ti kọ̀ ọ́ níbi mẹ́ta ṣáájú. Eléyìí nìkan ló kù. Wọ́n ní kó fi iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ránṣẹ́, ó pẹ́ tán ọjọ́ Friday kan báyìí. Mójí mú adìyẹ méjìlá tó ń yé ẹyin nínú tèmi, ó kó wọn sẹ́yìn ilé. Mẹ́fà wà nínú kéèjì onírin bí àwa ṣe ń ṣe é. Ó fún mẹ́fà yòókù ní àyè, ó fún wọn ní yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n á máa yí nínú ẹ̀, àti igi tí wọ́n á máa bà lé. Láràárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, ọmọ yìí ti jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé. Ó ń kọ èyí tó yé, èyí tó jà, èyí tó ń dá dúró bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Èmi á máa wò ó lójú fèrèsé, mo máa ń sọ pé ibo lọmọ yìí ti rí sùúrù? Kì í ṣe lára mi. Ìyá ẹ̀ nìyẹn, ẹ wo ojú ẹ̀. Kì í ṣe lára tiẹ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Friday yẹn, Mójí lọ sílé ìwé ẹ̀ lọ gba èsì ìdánwò ẹ̀ tó máa fi kún un. Ó ní kí n bá òun fún wọn lóúnjẹ. Ó gbé ìwé ẹ̀ dání, èmi rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e sì ni ìkórè wa. Mo dé ẹ̀yìn ilé, kí ni mo rí? Rìbọ́nnù lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn! Pupa, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan ìkórè la máa ń so rìbọ́nnù mọ́. Mo ní ẹ wo ọmọ dáadáa, ó ti wọṣọ fún wọn fún Olúwa kó tó lọ. Mi ò mọ̀ pé ó fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Mo kó gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, mo gbé wọn wá síbí. Ẹ lù wọ́n ní gbàǹjo, ẹ rà wọ́n tán. Mo jó. Èmi gan-an ni mo bá ọ̀pọ̀ nínú yín so wọ́n lẹ́sẹ̀, tí mo dorí wọn kodò sára ọ̀kadà.

Ọjọ́ yẹn náà ni Pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ Dáníẹ́lì, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èso, ẹ̀fọ́, omi. Kò sí ẹran. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo kùn sínú. Mo ní lọ́jọ́ ìkórè gan-an? Ẹni tó ra adìyẹ, ṣé kó máa wò ó bíi tẹlifísọ̀n ni?

Monday, Mójí dé. Ó ní, "Dádì, àwọn adìyẹ mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, "Mo ti bá ẹ kó wọn fún Ọlọ́run."

Kò pariwo. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ó ní, "Dádì, gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn." Ì bá sàn kó pariwo.

Mo kúnlẹ̀ síwájú kéèjì òfìfo. Mo ní, "Olúwa, Ìwọ lo gbà wọ́n, mi ò sì gba ohun tí mo fún Ọ padà rí. Ṣùgbọ́n Ìwọ kì í jẹ adìyẹ. Jọ̀ọ́, Bàbá, ọmọ mi ni." Mi ò tíì ṣe àmín tí ìyá Mójí fi kígbe lẹ́yìn mi pé, "Ààwẹ̀! Ta ló fẹ́ pa adìyẹ lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo dìde bí ẹni tí iná jó. A mú adìyẹ mìíràn dání láti fi ṣe pàṣípààrọ̀, a yí Karmo ká, a dé Jahi, a dé Zuba. Gbogbo ilé tá a wọ̀ ni Mójí ti ń béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe gbé e délé?" Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ dójú tì mí ni. Àfi bá a ṣe dé ọ̀dọ̀ sístà kan ní Jahi, tó gbé tiẹ̀ sínú páálí lórí itan. Adìyẹ yẹn ti yé láàárọ̀ ọjọ́ náà! Àwọn tí èmi dorí wọn kodò, igun ògiri ni wọ́n kọjú sí, wọn ò jẹ, wọn ò yé. Ọ̀kan ń tiro. Ojú tì mí níwájú adìyẹ.

Mọ́kànlá la rí. Ìkejìlá wà lọ́wọ́ díákónì wa kan. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìlà kejì ló wà, bàtà ẹ̀ ló ń wò báyìí. Ó fà wá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi rìbọ́nnù pupa lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Aládìyẹ, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa." Mo ní, "Kò sí wàhálà, sà."

Nílé, mo bẹ Mójí pé kó má kọ ọ̀rọ̀ ìkórè sí i, kí àwọn òyìnbó má bàa sọ pé bàbá ẹ̀ ò gbọ́n. Ó ní, "Dádì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kọ." Ó kọ gbogbo ẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sínú páálí, iye ọjọ́ kó tó yé. Èyí tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, iye ọjọ́. Ọ̀kan, wọ́n jẹ ẹ́. Friday, ó fi ránṣẹ́.

Wọ́n pè é lórí kọ̀ǹpútà. Èmi gbé omi wọlé fún un, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń rí mi. Òyìnbó obìnrin kan béèrè bóyá bàbá náà nìyí. Mójí fà mí wá síwájú. Mo ní, "Good morning ma. I am the problem." Wọ́n rẹ́rìn-ín! Obìnrin náà wá bi mí pé báwo ni mo ṣe ń gbé adìyẹ báyìí. Mo sáré jáde, mo mú ọ̀kan wá, mo gbé e mọ́ àyà, mo fi ọwọ́ bo ìyẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Like this, ma." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Thursday tó kọjá, lẹ́tà dé. Wọ́n mú Mójí! Wọ́n ní ibi tó kọ nípa ìrìnàjò adìyẹ láti ṣọ́ọ̀ṣì délé ló wù wọ́n jù, ohun tó máa lọ wádìí níbẹ̀ náà nìyẹn. Ààwẹ̀ tí mo kùn sí ló gba ọmọ mi là. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti lọ́wọ́ Pásítọ̀.

Ọrẹ ọpẹ́ mi rèé, adìyẹ kan nínú apẹ̀rẹ̀. Rìbọ́nnù pupa yẹn náà ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá rà á, àyà ni kó gbé e mọ́ délé. Díákónì, ẹ̀yin ẹ má rà á.

Ẹ dìde, ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, ẹ bá Mójí yọ̀, ẹ bá wa jó. Ṣùgbọ́n ẹ rọra jó o. Adìyẹ yìí ò tíì yé tòní.