Àpótí Agùfọn Inú Pósí

[Fóònù ń dún. Ariwo èrò nínú rélùwéè tó dúró sójú kan.]

SHŪGO: Hẹ́lò! Chinatsu, a kú ara fẹ́ra kù o. Ará ilé ńkọ́? Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n —

CHINATSU: Fi ìkíni sílẹ̀ jàre! Ibo lo wà? Wọ́n ti ń kó òdòdó sínú pósí A-kong, bàbá wa àgbà. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, wọ́n á dé e nìyẹn.

SHŪGO: Rélùwéè wa ló pa àgbọ̀nrín. Irú ẹ̀ ò sí ní gbogbo Hokkaido! Ó ga ju òpó iná lọ. Ìwo ẹ̀ nìkan fọ́ gbogbo wíńdò. Awakọ̀ ń sunkún, èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún —

CHINATSU: Irọ́.

SHŪGO: Ká ní kì í ṣe èmi ni, ẹlòmíì ì bá ti kú!

CHINATSU: Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sun òkú A-kong lo tún ń pa irú irọ́ yìí? Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́ ni?

SHŪGO: Ó da. Àgbọ̀nrín kékeré ni. Ṣùgbọ́n ó kú, a sì dúró sínú yìnyín. Tí wọn ò bá tètè ṣí, màá fẹsẹ̀ sá dé ibẹ̀, màá ṣíwájú rélùwéè — [ariwo] — Ṣé o gbọ́ mi?

CHINATSU: Mo gbọ́ ẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń já. Gbogbo abúlé ló wà níbí o. Màmá tó ń sin màlúù lókè odò, tí A-kong rìn nínú yìnyín lọ gbẹ̀bí ẹ̀, ọsàn ló fi sí i lọ́wọ́. Dádì náà ti gbé àpótí igi yẹn sí ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi òdòdó bò ó. Ó wá —

SHŪGO: Àpótí wo?

CHINATSU: Èyí tó ń kó fíìmù ẹ̀ sí. Àwọn ẹyẹ agùfọn tó fi kámẹ́rà yà.

SHŪGO: Kí lo sọ?

CHINATSU: Ohun tí òkú bá fẹ́ràn la fi ń sìn ín. Ṣé èyí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun létí ẹ ni?

SHŪGO: Wọ́n fẹ́ sun fíìmù A-kong? Gbogbo ẹ̀? Chinatsu, ṣé orí bàbá ẹ pé ṣá? Yọ ọ́! Yọ ọ́ báyìí-báyìí!

CHINATSU: Ta ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ òkú?

SHŪGO: Èmi! Kì í ṣe tiẹ̀ mọ́! A-kong ní kí n gbé e lọ bá àbúrò òun nílùú wọn, ní Tainan, ìyá àgbà Siok-khîm —

CHINATSU: Níṣojú ta ni?

SHŪGO: Níṣojú èmi.

CHINATSU: [rẹ́rìn-ín ìbínú] Ìwọ nìkan! Ìwọ tó o ní béárì bá ẹ jẹ nínú abọ́ kan náà. Ìwọ tó o sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé A-kong gún agùfọn lábẹ́rẹ́, ẹyẹ náà wá ń mú ẹja wá dúpẹ́ lọ́dọọdún —

SHŪGO: Ẹyẹ yẹn wá o! Bóyá kò mú ẹja dání, ṣùgbọ́n ó wá! — [ariwo] — Ṣé o gbọ́ mi? Bàbá ẹ ń jowú ni! Jowú ẹyẹ! Àgbàlagbà!

CHINATSU: Má bú bàbá mi! Ṣé o mọ ohun tójú wọn rí? Ojoojúmọ́ ni A-kong ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, á gbé kámẹ́rà, ó di inú àbàtà. Dádì ní ẹyẹ ló gba bàbá lọ́wọ́ àwọn, kí ẹyẹ náà bá a jóná lọ —

SHŪGO: Ẹ̀hẹ́n! Ó ti jábọ́ lẹ́nu ẹ! Èyí kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ̀san ni!

[Ariwo bo fóònù.]

SHŪGO: Chinatsu? Ṣé o gbọ́ mi?

CHINATSU: Mo gbọ́. Sọ ohun tí A-kong sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Tó o bá bù mọ́ ọn pẹ́nrẹ́n, màá pa fóònù.

SHŪGO: Mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún Siok-khîm pé ọdún kan ni mo fẹ́ lò, torí abúlé yẹn ò ní dókítà. Títí dòní ló ń bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tí ò jẹ́ kí n padà wálé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fẹnu sọ ọ́. Bá mi gbé àwọn ẹyẹ náà lọ hàn án." Ó tán.

CHINATSU: Ìgbà mélòó ló sọ ọ́?

SHŪGO: Ẹ̀ẹ̀kan.

CHINATSU: Ẹ̀ẹ̀kan?

SHŪGO: Ẹ̀ẹ̀kan péré.

CHINATSU: Láti kékeré tá a ti jọ dàgbà, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí ẹ lẹ́ẹ̀kan rí. Òótọ́ lò ń sọ lónìí. [Ìró ẹsẹ̀.] Dádì, ẹ yàgò.

YOSHINORI: [bàbá Chinatsu, láti ọ̀ọ́kán] Kí lò ń wá nínú pósí? Chinatsu! Ò ń gba ẹrù lọ́wọ́ òkú, lójú gbogbo abúlé?

CHINATSU: Ẹrù kọ́ lẹ dì fún un, ìjà ni! Ó ti kú, Dádì! Ẹ jẹ́ kí ìjà yẹn tán!

[Nǹkan ṣubú. Àwọn èèyàn ń pariwo.]

SHŪGO: Mú un! Ṣé o gbọ́ mi? Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ẹ́, màá wó ilé náà —

CHINATSU: Panu mọ́, ìwọ tí o ò lè sún rélùwéè! Mo ti gbé e. Mo ti gbá a mọ́ra.

YOSHINORI: [ń sunkún] Ṣé ọwọ́ òfìfo ni kí bàbá mi máa wá lọ?

CHINATSU: Shūgo, wọ́n ti gbé ìdérí pósí dání o. Kí la máa fi rọ́pò ẹ̀?

SHŪGO: Gbé fóònù sí i létí.

CHINATSU: Ta ni?

SHŪGO: A-kong! Gbé e sí i létí, jọ̀ọ́!

[Aṣọ ń ha fóònù. Ariwo rọlẹ̀.]

SHŪGO: A-kong, inú ń bí mi sí yín. Dókítà ni yín. Ẹ mọ̀ pé ó ti kù díẹ̀ kẹ́ ẹ lọ, ẹ ò sọ. Ẹ kàn na ẹsẹ̀ sí mi, mò ń gé èékánná bí òmùgọ̀. Màá gbé e lọ. Màá sọ fún ìyá àgbà pé agùfọn yín tóbi ju ọkọ̀ òfurufú — rárá. Bó ṣe tóbi mọ ni màá sọ. [Rélùwéè fọn fèrè, ó ṣí.] A-kong? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Fóònù já.]