Aṣọ́lé Tí Mo Kì Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ bá mi yin Ẹni tí kì í bá ayé jókòó dájọ́. Halelúyà! Ẹ̀yin ará nínú Olúwa ní àdúgbò Àgùdà níbí, mo dúpẹ́. Inú mi ò tíì rọ̀ tán, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń sọ eré bọ́ọ̀lù lédè Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n, láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́ mi ní oríkì. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe bẹbẹ, màá kì í bí wọ́n ti ń ki ọmọ ọkùnrin nílé baba rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Àlàó, aṣọ́lé tó ń ṣọ́ àwọ̀n wa, gbá bọ́ọ̀lù líle kan dànù. Mo kì í pé, "Àlàó, ọmọ a-dúró-gbọn-in-lẹ́nu-ọ̀nà, àlejò kì í wọlé láìgbàṣẹ." N kò tíì mí tán tí bọ́ọ̀lù mìíràn fi gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé. Bí ife ẹ̀yẹ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Kí n tó délé, wọ́n ti dájọ́. Ìyá Bùnmi tí a jọ ń gbé àgbàlá ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ ki ọmọ ọlọ́mọ títí orí ẹ̀ fi wú. Ẹni tí orí ẹ̀ wú, ṣé ó ń rí bọ́ọ̀lù?"

Mo ní, "Ìyá Bùnmi, ṣé aṣọ́lé ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí pápá ni?"

Ó ní, "Oríkì ò nílò tẹlifíṣọ̀n. Orí ló ń gbọ́ ọ."

Gbogbo àgbàlá ní òótọ́ ni. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní, "Èmi ò gba irú ìyẹn gbọ́ o. Ṣùgbọ́n inú ń bí àwọn èèyàn. Lọ sinmi nílé ná."

Gbogbo ìgbà òjò ni mo fi sinmi. Àwọn oníbàárà ìyàwó mi wá kó aṣọ tí kò tíì rán lọ. Bàbá mi kú láàárín rẹ̀. Àwọn tó máa ń kún pálọ̀ wa lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀kan wọn ò yọjú wá bá mi kẹ́dùn. Mo gbàdúrà, ìbínú ló kún inú àdúrà ọ̀hún. Olúwa gbà á bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́.

Àfi bí Àlàó fúnra rẹ̀ ṣe wọ àgbàlá wa lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo ará àgbàlá wà níta. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Apá ọ̀tún ti ń dùn mí kí a tó bọ́ sí pápá. Mo fi í pamọ́ ni, kí wọ́n má bàa fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Bí mo ṣe gbá ti àkọ́kọ́ dànù ni apá kọ̀. Dókítà ní eegun ti sán. Kò kan oríkì yín."

Ó tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ó tún un sọ níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ó dáa, padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n má ki ẹnikẹ́ni mọ́ o, jọ̀ọ́."

Nígbà tí mo délé, Ìyá Bùnmi rẹ́rìn-ín pàdé mi. "Mo ṣáà mọ̀ pé Ọlọ́run á dá yín láre."

Mo ní ẹ ṣé, Mà.

Olúwa, o ṣeun. Iṣẹ́ padà, orúkọ padà. Bàbá mi ò padà, ohun tó fi sí mi lẹ́nu sì ti di èèwọ̀ níbi iṣẹ́. Síbẹ̀, mo dúpẹ́. Ìwọ tí wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tó ò dá sí lọ́rùn, má kó kúrò ládùúgbò. Jí ní kùtùkùtù, ṣílẹ̀kùn rẹ, jókòó síta. Ọlọ́run tó dá mi láre ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ó sì yẹ kó bá ẹ nílé.