Ìgò Ìkẹyìn Ọkọ Aránṣọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pọn bíà nílé, tẹ́ ẹ sì ń fi tiyín hàn lórí áàpù ọmọ ọmọ mi, ẹ gbé ife yín sílẹ̀ ná. Dókítà ti ní ọkàn mi ò lè gbé mi jìnnà mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọlẹ̀. Èmi tẹ́ ẹ ń pè ní Ìyá Ahọ́n, ahọ́n mi ti kú tipẹ́.

Ọ̀fìnkìn lásán ló mú mi. Nígbà tó máa lọ, ó kó imú àti ẹnu mi dání. Mi ò tètè mọ̀. Mo jẹ ọbẹ̀ tó ti kan, mo tún lá àwo, ilé ìyàgbẹ́ ló wá tú àṣírí fún mi. Ǹ bá sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú áàpù ẹ̀ pé: “Màmá mi á tọ́ bíà yín wò, á sọ ohun tẹ́ ẹ fi pọn ọ́n.” Arúgbó tẹ́nikẹ́ni kì í bi léèrè nǹkan kan mọ́ wá di ẹni tí wọ́n ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mọ́ mi ju ọtí lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀, mo ń wo ìfófó, mo ń wo ojú ẹni tó gbé e wá. Tójú ẹ̀ bá fà ro, màá ní, “Ìwúkàrà rẹ ti pọ̀ jù.” Wọ́n á ní, “Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n.” Àgbàyà ni mí.

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ kan wọlé, ó fi aṣọ wé ìgò kan bí ọmọ tuntun. Ọkọ ẹ̀, káfíńtà, ló pọn ọ́n kó tó kú, kò sì kọ́ ẹnì kankan. Èyí tó kù nìyẹn. Ó ní, “Màmá, tí mo bá mọ ohun tó fi sí i, màá lè máa pọn ọ́n. Á dà bíi pé ó ṣì wà nílé.” Òun fúnra ẹ̀ tọ́ díẹ̀, ó gbé ìyókù fún mi. Ọmọ ọmọ mi yọ́ sọ sí mi létí pé, “Màmá, ẹ rọra o, èyí ò ní èkejì.” Mo mu ún tán. Kò yàtọ̀ sómi lẹ́nu mi. Mo dijú bí ẹni tó mọṣẹ́, mo ní, “Ọkà yíyan, oyin díẹ̀, èèpo ọsàn.” Irọ́ gbuu. Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ó pọn tiẹ̀ tán, ó padà wá, ó jókòó, kò sunkún. Ó ní, “Mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí, Màmá. Mi ò bá a níbẹ̀. Àbí mo ti ń gbàgbé ọkọ mi ni?” Ẹnu mi yìí, tó yẹ kó sọ òótọ́, ló ní: “Ọmọ mi, bí ikú ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹnu ló kọ́kọ́ ń gbàgbé.” Mo tún ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bí ẹni rere. Kò yọjú mọ́ látìgbà náà. Wọ́n ní ó ti kó ìkòkò ìpọntí ọkọ ẹ̀ dànù.

Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ ọmọ mi láàárọ̀ yìí. Ó ní, “Màmá, tí wọ́n bá ka èyí, áàpù yìí parí nìyẹn.” Síbẹ̀, òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, ó ń nu omi ojú kúrò lójú fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ ilé aránṣọ náà, kó bá mi kà á sí i létí: Ọmọ mi, o ò gbàgbé ọkọ rẹ. Ohun tó o tọ́ wò kì í ṣe tiẹ̀. Ahọ́n rẹ sọ òótọ́ fún ọ, èmi ni mo pè é ní òpùrọ́. Forí jì mí, kó o sì gba ahọ́n rẹ gbọ́.