Ògiri Tó Tẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Mowe, níbi tí mo jókòó sí kí ó tó kàn mí, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó wá gba fọ́tò ìyá rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sára ìwé ìsìnkú.

"Bọ̀dá fọ́tò, ta nìyí? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ò fẹ̀ báyìí."

"Àǹtí, etí fọ́tò ni màmá dúró sí. Lẹ́ńsì mi máa ń mú kí ògiri tẹ̀, tòkunbọ̀ ni, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún un ṣe ò sì mọ irú lẹ́ńsì yìí. Orúkọ lẹ́ńsì mìíràn tó jọ ọ́ ni mo yàn fún kọ̀ǹpútà kó lè bá mi na ògiri náà. Ó na ògiri tọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó na màmá mọ́ ọn."

"Ṣé ògiri ni mo fẹ́ sin ni?"

"Ẹ má bínú. Ẹ ò wá ní òmíràn?"

"Òun nìkan la ní. Etí ló máa ń dúró sí, kí àwa ọmọ lè wà láàárín."

Onífọ́tò náà yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Tí mo bá yọ àtúnṣe yẹn, ojú wọn á padà sípò, àmọ́ ògiri á tẹ̀."

"Jẹ́ kó tẹ̀. Ta ló ń wo ògiri?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Nígbà tó kàn mí, onífọ́tò náà ṣí fọ́tò tó yà fún ìyàwó mi kó tó ṣaláìsí.

"Bàbá, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn wọn tẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n nà án?"

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.